Nígbà Tí Ọ̀tá Méjì Bá Ń Ké Pe Ọlọ́run Kan Náà: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Obìnrin Làìbéríà

Ṣàṣà ni ogun tí àwọn èèyàn jà lórí ilẹ̀ ayé tí wọn kò pe Ọlọ́run sí. Kí ọmọ ogun tó gbé ìbọn, wọ́n á ti gbàdúrà lé e lórí. Kí ìlú tó gbé ogun ti ìlú, wọ́n á ti rúbọ, wọ́n á ti gbààwẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, jagunjagun ayé àtijọ́ kì í jáde láìso oògùn mọ́ra. Bí babaláwo ṣe ń difá fún un ni àlùfáà Mùsùlùmí ń ṣe tírà fún un. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni sì dé, àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta náà kúnlẹ̀ nígbà tí ogun Dahomey dé ẹnu odi wọn ní oṣù Kẹta ọdún 1851. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti díjú ni pé ẹni tó wà lódìkejì odi náà ní àwòrò, ó ní ẹbọ, ó sì ní àdúrà tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń lọ sópin, Ààrẹ Abraham Lincoln mẹ́nu ba ìdíjú yìí nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ létí pé Bíbélì kan náà ni ìhà méjèèjì ń kà, Ọlọ́run kan náà ni wọ́n ń gbàdúrà sí, oníkálukú sì ń bẹ̀ Ẹ́ kí Ó gbèjà òun lórí ẹnìkejì. Àdúrà àwọn méjèèjì kò lè gbà pọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1940, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọjọ́ àdúrà gbogbogbò tí Ọba George Kẹfà pè, nítorí pé àwọn ọmọ ogun wọn há sí etíkun Dunkirk. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn kúrò. Nígbà tó fi di ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, àwọn tí wọ́n ti kó lé ní 338,000. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n lára irin bẹ́líìtì àwọn ọmọ ogun Jámánì tó lé wọn dé etíkun náà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú àwọn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àdúrà ìta gbangba wà fún nígbà ogun? Ṣé láti mú Ọlọ́run wá sí ìhà tiwa ni, tàbí láti fi tu ara wa nínú? Tàbí ó ní iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe? Orílẹ̀-èdè kan tí kò jìnnà sí wa ti dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ ilẹ̀ Adúláwọ̀ mọ̀. Làìbéríà ni orílẹ̀-èdè náà. Ọdún 2003 ni, àwọn obìnrin sì ni wọ́n dáhùn.

Ogun tí kò mọ ilé Ọlọ́run

Ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1989 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀. Charles Taylor kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ẹnubodè Côte d'Ivoire wọ ìpínlẹ̀ Nimba láti lé Ààrẹ Samuel Doe kúrò lórí oyè. Kí ọdún kan tó pé, ogun ti dé Monrovia tó jẹ́ olú-ìlú. Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó àwọn ọmọ ogun ECOMOG lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹbí ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó lọ sí Làìbéríà. Àwọn kan padà wálé. Àwọn mìíràn kò padà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí àwọn ará Làìbéríà kò lè gbàgbé. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun Doe wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's, ti ìjọ Lutheran, ní Monrovia. Àwọn ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n sá àsálà fún ẹ̀mí wọn ló kún inú rẹ̀, torí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó máa pa èèyàn nínú ilé Ọlọ́run. Nǹkan bí 600 ni wọ́n pa níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà dé ibẹ̀.

Wọ́n pa Doe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ṣùgbọ́n ogun kò dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1997, wọ́n dìbò, Taylor sì di ààrẹ. Nígbà tó di ọdún 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pe ara wọn ní LURD gbógun tì í. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ kejì tó ń jẹ́ MODEL tún yọjú láti ìhà ìlà-oòrùn. Iye èèyàn tí wọ́n sábà máa ń sọ pé ogun ọdún mẹ́rìnlá náà pa tó 250,000, nínú orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Wọ́n fi ipá kó àwọn ọmọdékùnrin tí ìbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn jù lọ wọ iṣẹ́ ogun. Wọ́n fi ipá bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin àti ọmọdébìnrin lò pọ̀.

Ààrẹ tó ń kúnlẹ̀, ọlọ̀tẹ̀ tó ń kírun

Ẹni tó bá rò pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ burúkú yìí kò mọ Ọlọ́run ṣì í rò. Taylor fẹ́ràn kí aráyé rí òun gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́. Kò fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́. Ó máa ń gbàdúrà ní gbangba, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí oníwàásù. Ní ìhà kejì, Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣáájú LURD. Wọn kì í fi ìrun ṣeré, mọ́sáláṣí sì ni ibi tí èèyàn ti lè rí wọn. Àwọn ọmọ ogun wọn náà kò jáde lọ́wọ́ òfo: àwọn kan so oògùn mọ́rùn àti apá, wọ́n sì gbà gbọ́ pé ọta ìbọn kò lè wọlé sí àwọn lára.

Leymah Gbowee, obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí, fi àwàdà kan ṣàpèjúwe ọ̀rọ̀ náà. Ó ní Taylor mọ àdúrà gbà débi pé ó lè fi àdúrà fa Sàtánì jáde kúrò ní ọ̀run àpáàdì. Láti inú àwàdà yìí ni orúkọ fíìmù Pray the Devil Back to Hell ti wá, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008 nípa àwọn obìnrin náà. Bí àwọn ọkùnrin bá fi àdúrà fa Sàtánì jáde, iṣẹ́ àwọn obìnrin ni láti fi àdúrà dá a padà síbi tó ti wá.

Òótọ́ ńlá ló wà nínú àwàdà náà. Kì í ṣe àìní àdúrà ló ń ba Làìbéríà jẹ́. Àdúrà pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àdúrà tí ẹni tó ń gbà á kò fẹ́ borí ẹnikẹ́ni.

Àlá kan ní ilé àdúrà kan

Nígbà tí ogun kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Gbowee. Ó la ìnira kọjá, ó ṣe ìsáǹsá ogun, ó sì bímọ sínú wàhálà náà. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkàn àwọn tí ogun ti dá lóró, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ ìjọ Lutheran, ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's yẹn gan-an. Lára àwọn tó ń tọ́jú ni àwọn ọmọdé tí Taylor fi ṣe jagunjagun.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó lá àlá pé ohùn kan ń sọ fún òun pé kí òun kó àwọn obìnrin jọ láti gbàdúrà fún àlàáfíà. Nígbà tó rọ́ àlá náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò rò pé òun ni iṣẹ́ náà kàn; lójú ara rẹ̀, kò mọ́ tó ẹni tí Ọlọ́run lè rán. Àwọn obìnrin ìjọ ni wọ́n sọ fún un pé ẹni tó lá àlá ni kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní St. Peter's. Ní ibi tí wọ́n ti pa èèyàn 600 ni àdúrà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀kan nínú ìpàdé wọn, obìnrin kan dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Asatu Bah Kenneth ni orúkọ rẹ̀, ọlọ́pàá ni, Mùsùlùmí sì ni. Ó sọ pé òun nìkan ni Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀, pé ohun tí òun gbọ́ wọ òun lọ́kàn, àti pé òun yóò lọ bá àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn òun sọ ọ́. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí fi dìde, tí wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ àwọn obìnrin Kristẹni.

Ìdàpọ̀ náà kò rọrùn. Àwọn Kristẹni kan bẹ̀rù pé bí àwọn bá bá Mùsùlùmí gbàdúrà pọ̀, ìgbàgbọ́ àwọn yóò bàjẹ́. Ìbéèrè tí àwọn aṣáájú wọn fi dá wọn lóhùn ṣe kedere: ṣé ọta ìbọn máa ń béèrè ẹ̀sìn kí ó tó wọ èèyàn lára? Ẹ̀rù náà kò tán lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò ṣeé dá lóhùn. Àwọn àgbà sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, àwọn obìnrin náà sì pinnu láti rìn pọ̀.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà lára àwọn tó pèsè ilẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Thelma Ekiyor, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, ló ronú ẹgbẹ́ WIPNET, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ láti wá àlàáfíà. Gbowee ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka ti Làìbéríà.

Pápá tó kọjú sí ọjà ẹja

Àwọn obìnrin náà kò dúró de kí àwọn èèyàn wá bá wọn. Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á wà ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á wà lọ́jà. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ń pín ìwé ìléwọ́ tó sọ fún àwọn obìnrin pé ó ti sú àwọn kí wọ́n máa pa ọmọ àwọn, kí wọ́n sì máa fi ipá bá àwọn lò pọ̀. Wọ́n ya àwòrán sí i fún àwọn tí kò mọ̀wé kà.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2003, tí ogun ti ń sún mọ́ Monrovia, wọ́n gbé àdúrà wọn jáde sí gbangba. Taylor ti sọ pé òun kò fẹ́ ìwọ́de kankan, síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ jókòó sí pápá kan nítòsí ọjà ẹja. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀: ọ̀nà tí ọkọ̀ ààrẹ ń gbà kọjá ni. Bí ó bá ń lọ, yóò rí wọn. Bí ó bá ń bọ̀, yóò tún rí wọn.

Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà, wọ́n nu àtíkè kúrò lójú, wọ́n sì so gèlè funfun mọ́rí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí aṣọ àlà jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà, tàbí tó ti rí àwọn Aládùúrà lórí ilẹ̀ àdúrà, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí aṣọ náà ṣe: ó pa ìyàtọ̀ rẹ́. Èèyàn kò lè fi aṣọ mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà mọ́, kò sì lè mọ ìyàwó aláṣẹ yàtọ̀ sí ìyá tó ń gbé ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé.

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀, nínú oòrùn àti nínú òjò. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n ń gbààwẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ń gbàdúrà, àwọn Kristẹni náà ń gbàdúrà. Àwọn oníròyìn òkèèrè fẹ́ràn láti máa sọ pé àwọn obìnrin náà tún kọ̀ láti bá ọkọ wọn sùn títí ogun yóò fi parí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Gbowee fúnra rẹ̀ ti sọ pé èyí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, àfi pé ó mú kí àwọn oníròyìn kọ ojú sí wọn. Ohun tó ṣe iṣẹ́ ni jíjókòó wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń béèrè. Wọn kò bẹ Ọlọ́run kí Taylor borí, wọn kò sì bẹ̀ Ẹ́ kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ borí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ sílẹ̀: kí ìhà méjèèjì dáwọ́ ìjà dúró láìsí àdéhùn kankan, kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, kí ọmọ ogun apẹ̀tùsíjà sì wọ ìlú. Àdúrà tó ṣeé kà sétígbọ̀ọ́ ìhà méjèèjì ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

Láti ààfin Taylor dé Freetown

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, Taylor gbà láti rí wọn. Wọ́n tò lọ sí ààfin ìjọba nínú aṣọ funfun wọn, Gbowee sì ka ọ̀rọ̀ wọn síwájú rẹ̀. Ó sọ fún un pé ogun ti sú àwọn, àti pé nítorí ọ̀la àwọn ọmọ àwọn ni àwọn ṣe wá. Taylor gbà láti lọ síbi ìpàdé àlàáfíà. Àwọn obìnrin náà kò dúró níbẹ̀. Wọ́n rán àwọn kan lọ sí Freetown, ní Sierra Leone, níbi tí àwọn aṣáájú LURD kóra jọ sí. Wọ́n jókòó sí iwájú òtẹ́ẹ̀lì wọn títí àwọn náà fi gbà láti lọ.

Níhìn-ín ni ìwúlò ẹ̀sìn méjì hàn. Onígbàgbọ́ ni Taylor pe ara rẹ̀. Àwọn Kristẹni lè fi èdè ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá a wí. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣáájú LURD. Ìyá Mùsùlùmí tó bá jókòó síwájú wọn kì í ṣe àjèjì tí wọ́n lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ilẹ̀kùn kan ní Accra

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2003 ni ìpàdé àlàáfíà bẹ̀rẹ̀ ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé-ẹjọ́ àkànṣe ti Sierra Leone kéde pé àwọn ti fẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn ogun kan Taylor. Ó sáré padà sílé, ó fi àwọn aṣojú rẹ̀ sílẹ̀ síbi ìpàdé. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kí ìbọn dákẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ṣùgbọ́n ìbọn kò dákẹ́. Àwọn ará Monrovia fi orúkọ Ogun Àgbáyé Kìíní, Kejì àti Kẹta pe ìkọlù mẹ́ta tó dé bá wọn nínú oṣù méjì yẹn.

Ìpàdé náà ń falẹ̀. Àwọn olórí ogun ń gbé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jẹun tó dára, wọ́n sì ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gba ipò wo nínú ìjọba tuntun. Níta, àwọn obìnrin náà jókòó nínú aṣọ funfun. Àwọn tó wá láti ilé àti àwọn ará Làìbéríà tó ń gbé ní àgọ́ Buduburam ní Gánà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, ìròyìn dé pé àdó olóró ń bọ́ lu Monrovia bí òjò. Gbowee kó àwọn obìnrin náà wọ inú ilé, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n sì ránṣẹ́ sí alága ìpàdé pé ẹnikẹ́ni kò ní jáde títí wọn yóò fi fi ọwọ́ pàtàkì mú ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tó ti jẹ́ olórí ìjọba Nàìjíríà rí, ni alága náà. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dé láti mú Gbowee, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ara rẹ̀.

Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa la ìyẹn yé ọmọ Yorùbá. Bí ìyá bá tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò níwájú ọmọ nítorí ìbànújẹ́, kì í ṣe ìtìjú ìyá ni. Èpè ni lórí ọmọ. Ìgbàgbọ́ yìí kò pin sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọkùnrin inú gbọ̀ngàn náà mọ̀ ọ́n, jìnnìjìnnì sì bò wọ́n. Abdulsalami jáde wá bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n mú wọn. Ó bá àwọn ọkùnrin tó fẹ́ fipá jáde wí, ó sì ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ náà yóò tẹ̀síwájú. Láti ọjọ́ yẹn, ojú tí wọ́n fi ń wo ìpàdé náà yí padà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tó ṣáájú ikọ̀ apẹ̀tùsíjà ECOMIL balẹ̀ sí Làìbéríà. Ní ọjọ́ 11, Taylor kúrò lórí oyè, ó sì wá gbé ní Calabar. Ó fi ẹ̀sìn sọ̀rọ̀ títí dé òpin: ó fi ara rẹ̀ wé àgùntàn ìrúbọ, ó sì ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun yóò padà. Ní ọjọ́ 18, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Accra.

Ohun tí àdúrà ṣe, àti ohun tí kò ṣe

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má baà sọ ìtàn yìí di àlọ́. Kì í ṣe àdúrà àwọn obìnrin náà nìkan ló mú Taylor lọ. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti yí olú-ìlú rẹ̀ ká, àjọ àgbáyé ti fòfin dè é, ilé-ẹjọ́ ti fẹ̀sùn kàn án, àwọn ìjọba ńlá sì ti sọ fún un pé kí ó máa lọ. Ẹni tó bá fi gbogbo èyí sílẹ̀, tó ní àdúrà nìkan ló dá ogun dúró, kò bọ̀wọ̀ fún àdúrà náà. Ńṣe ló sọ ọ́ di oògùn.

Àdúrà kò sì mú ìdájọ́ òdodo wá fún gbogbo èèyàn. Wọ́n mú Taylor ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Cameroon ní oṣù Kẹta ọdún 2006, ilé-ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún ní ọdún 2012. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn Sierra Leone ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ti Làìbéríà. Ọ̀pọ̀ ìyá tó jókòó ní pápá yẹn ń rìn lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹni tó pa ọmọ wọn.

Kí wá ni àdúrà náà ṣe? Ó kó àwọn tí ogun ti tú ká jọ sójú kan. Ó fún obìnrin tí kò ní ìbọn, tí kò ní owó, tí kò sì ní ipò, ní ibi tó lè dúró sí tí ẹnikẹ́ni kò lè tètè lé e kúrò, nítorí ó ṣòro fún ààrẹ tó ń pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́ láti yìnbọn lu àwọn ìyá tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó sì fún wọn ní èdè tí ìhà méjèèjì gbọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, àwọn obìnrin náà kò sọ pé àdúrà ti gbà, ó tó. Wọ́n ṣèrànwọ́ nígbà tí wọ́n ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Wọ́n lọ láti ọjà dé ọjà kí àwọn obìnrin lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ní ìdìbò ọdún 2005, Ellen Johnson Sirleaf wọlé, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò ààrẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 2011, òun àti Gbowee wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Kí ni tiwa nínú rẹ̀?

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní irú rẹ̀ nínú ìtàn. Nígbà tí ogun Kírìjí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ kò fẹ́ parí, òjíṣẹ́ ìjọ CMS méjì ni ìjọba Èkó rán níṣẹ́ àlàáfíà ní ọdún 1886. Samuel Johnson ni ojú rẹ̀ mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Charles Phillips, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òǹdó, ni ojú rẹ̀ mọ́ ìhà Èkìtì. Wọ́n rin ọ̀nà ogun lọ, wọ́n rìn ín bọ̀, láti ibùdó kan dé èkejì, wọ́n sì mú kí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan náà. Ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá, ṣùgbọ́n ìrìn àwọn méjì yẹn ló la ọ̀nà. Wọn kì bá ti lè ṣe é bí oníkálukú wọn bá dúró sórí pẹpẹ ìwàásù rẹ̀, kí ó máa bẹ Ọlọ́run pé kí ó fọ́ ìbọn ìhà kejì.

Lóde òní, àdúrà ogun kò wọ́n wa. A máa ń gbà á ní òru ọjọ́ Ẹtì, a máa ń gbà á lórí òkè, a sì máa ń fi ohùn líle gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ́tí sí ohun tí a ń béèrè. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ọ̀tá kú ni, kí iná jó wọn ni, kí wọ́n ṣubú fún wa ni. Nígbà tí ìròyìn ìjà tàbí ìpànìyàn bá dé láti àríwá orílẹ̀-èdè wa, tàbí láti Sudan, a ó ní Ọlọ́run yóò dá sí i, a ó ṣe àmín, a ó sì yí ojú ewé. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn obìnrin Làìbéríà kò ní ká má gbàdúrà. Àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọn kò fi sílẹ̀ títí dé òpin. Ohun tí wọ́n fi hàn wá ni bí a ṣe lè mọ àdúrà tó fẹ́ kí ogun parí yàtọ̀ sí èyí tó kàn fẹ́ borí. Bí a bá ké e sókè, ṣé ẹni tó wà ní ìhà kejì lè ṣe àmín sí i? Ṣé a lè pe aládùúgbò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa wá jókòó tì wá? Lẹ́yìn tí a bá dìde lórí ìkúnlẹ̀, ibo ni ẹsẹ̀ wa ń lọ?

Ní Monrovia, pápá tó kọjú sí ọjà ẹja ni ẹsẹ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ààfin, ó lọ sí Freetown, ó sì lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn kan ní Accra tí àwọn tó ń ja ogun kò rí ọ̀nà gbà kọjá.